A Ò Sá Mọ́ Níwájú Rélùwéè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Òjò láti ìdájí. Ẹni tí òjò bá pa níwájú rélùwéè máa ń ra tíì, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, búrẹ́dì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àfi fèrè, fíìì! Àwọn ẹ̀ṣọ́ káńsù ti dé. Oníbọ̀sẹ̀, obìnrin tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sínú àpò, ó fẹsẹ̀ fẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gba tábìlì rẹ̀. Èmi ò lè sáré pẹ̀lú iná lórí ọmọlanke. Ọ̀gá wọn, èyí tí à ń pè ní Ọ̀gá Fèrè torí pé fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ọmú lẹ́nu ọmọ, gbé kẹ́tù mi, ó da omi gbígbóná inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e padà sórí iná lófìfo. Ó ní òun ṣàánú mi nìyẹn, òun ì bá kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Àánú! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí ìkà rẹ̀.

Ó ní káńsù ti ṣòfin. Tó bá di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ò gbọdọ̀ tajà níwájú rélùwéè mọ́. Mo bi í pé níbo la ti ń gba ìwé náà. Ó ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni. Ẹ gbọ́ o. Ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀, òun ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ lé wa kiri.

Nígbà tí mo délé, ayọ̀ ni mo bá. Àbúrò ọkọ mi ti ríṣẹ́. Láti ìgbà tó ti wá bá wa nílùú àjèjì yìí, orí àga gígùn inú pálọ̀ ló ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta bí igi tó gùn ju ọkọ̀ tó gbé e lọ. Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ ọ́ láti kékeré, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wọn. Ó ra adìẹ wálé. Mo gbàdúrà fún un títí ẹnu fi ro mí. Mi ò bi í pé irú iṣẹ́ wo ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti mọ irú iṣẹ́ náà báyìí.

Ó jáde ní balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú aṣọ búlúù lọ́rùn, bàtà dúdú, fìlà tó ní àmì káńsù níwájú. Ó dúró síwájú dígí, ó ń tún ọrùn aṣọ ṣe. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

"Kí lèyí?"

"Àǹtí mi, iṣẹ́ ni."

"Mo ní kí lèyí?"

"Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ èdè wa, tó sì gbọ́ tiwọn. Owó oṣù wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìgbélùú mi á tètè jáde."

"Ta lò ń lọ lé? Ṣé èmi lò ń lọ lé, Agùntáṣọọ́lò?"

"Wọn ò ní gbé mi sí rélùwéè. Wọ́n ti ṣèlérí."

Ọkọ mi gbé ife kalẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà lọ síbi iṣẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Òótọ́ ni pé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹni tó ga débi tí aṣọ fi ń yẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé aṣọ yìí ló máa lò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Gáàsì tún ti wọ́n sí i. Wọ́n ti gbé Agùntáṣọọ́lò wá sí rélùwéè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn káńsù. Àga wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oorun fẹ́ gbé mi. Obìnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú ló bá wa sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ò lè parí lẹ́nu rẹ̀ kí "ètò" má wà nínú ẹ̀: a ti ṣètò, ètò wà nílẹ̀, ètò ń lọ. Kí ìpàdé tó tú, Oníbọ̀sẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ìyáàfin Ètò, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára.

Èmi ni mo ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè ìlú. Ètò náà rèé: ogún àyè péré ni wọ́n máa fi ọ̀dà kùn sílẹ̀ níwájú rélùwéè. Ẹni tó bá ti lo ọdún méjì nílùú ló lè rí i gbà. Àwa tí à ń tà níbẹ̀ tó ọgọ́ta. Kí àwọn yòókù lọ sí ọjà tuntun tí wọ́n kọ́ sábẹ́ afárá, lẹ́yìn gáréèjì. Ó ní òrùlé wà, omi ẹ̀rọ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ó ní ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe fún wa.

Baba Oníbẹ́líìtì nawọ́. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ó ti ń fi bẹ́líìtì kọ́rùn níwájú rélùwéè kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀ pé ìlú yìí wà. Ó dìde, ó ní kí n bá òun bi wọ́n:

"Ọmọ mi, ta ló ń gba abẹ́ afárá kọjá?"

Mo túmọ̀ ẹ̀. Ìyáàfin Ètò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á máa wá. A ti ṣètò ìpolówó."

"Sọ fún un pé ẹni tó ń sáré lọ wọ rélùwéè, tí ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, kò ní dúró ka ìpolówó. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ké sí."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Ètò náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló wá bí mi nínú, bí ẹni pé eré la wá ṣe. Mo béèrè ti ara mi.

"Láti ìsinsìnyí sí oṣù kejìlá ńkọ́? Ṣé ẹ máa sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ yín kí wọ́n fi wá sílẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ò sí lábẹ́ ẹ̀ka tèmi."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń há ìrànlọ́wọ́, ọwọ́ òsì ń gbáni létí, ọ̀kan ò sì mọ̀dí èkejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Èmi àti Oníbọ̀sẹ̀ lọ wo abẹ́ afárá. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ omi ń dán. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹyẹlé ló ti kó wọbẹ̀. A dúró títí ẹsẹ̀ fi ro wá, ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọjá, òun náà ṣìnà ni, ó bi wá pé níbo ni rélùwéè wà.

Oníbọ̀sẹ̀ ní, "Jẹ́ n ta ìbọ̀sẹ̀ fún un kó tó lọ." Mo rò pé àwàdà ni. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti tà á. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé títì. Ibẹ̀ ló ti wá sọ pé, "Mi ò tíì pé ọdún méjì nílùú yìí, Ìyá Onítíì. Abẹ́ afárá yẹn ni tèmi." Ẹ̀rín tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò, ọjà tà. Agùntáṣọọ́lò gba iwájú mi kọjá nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ń wojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òṣùpá lọ́sàn-án. Nílé, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Mi ò ní kó jẹ ẹ́, mi ò ní kó má jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Tí mi ò bá kọ ọ́, mo máa kígbe ni, àwọn ará òkè wa á sì pe ọlọ́pàá.

Lọ́sàn-án, nígbà tí èrò pọ̀ jù, fèrè dún. Tẹ́lẹ̀, ojú títì ni wọ́n máa ń gbà yọ sí wa, àwa á sì sá gba ẹ̀yìn ilé oògùn. Lónìí, wọ́n ti dúró sẹ́yìn ilé oògùn kí fèrè tó dún. Ta ló fi ọ̀nà yẹn hàn wọ́n? Ta ló máa ń bá mi ti ọmọlanke gba ibẹ̀ wálé ní gbogbo ìgbà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́?

Baba Oníbẹ́líìtì wẹ̀yìn, ó rí wọn. Ó wo iwájú, ó rí wọn. Títì nìkan ló kù. Agùntáṣọọ́lò ló ń lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kí ni bàbá fẹ́ fi sá fún un? Mo fi gbogbo ohùn mi pe orúkọ tí mo sọ ọ́. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́. Bàbá bọ́ sójú títì, alùpùpù kan ń bọ̀, ó tẹ bíréèkì, ilẹ̀ yọ̀, ó gbá a.

Ìró rẹ̀ ò pọ̀. Ó dún gbì, bí ìgbà tí wọ́n bá ju àpò símẹ́ǹtì sílẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn bẹ́líìtì fọ́n ká ojú títì, ọkọ̀ ń gun orí wọn.

Èrò dí mi lọ́nà. Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti gbé bàbá sí etí títì. "Bàtà mi dà?" ló ń wí. "Ẹ bá mi wá bàtà mi." Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Ọ̀gá Fèrè sì dúró síbẹ̀, ó ń sọ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀ pé oníkiri kan lọ kọ lu alùpùpù.

Kọ lu! Bí ẹni pé àgbò ni bàbá.

Mo yí padà, mo gbá Agùntáṣọọ́lò létí níwájú gbogbo ayé. Fìlà káńsù bọ́ sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Wọ́n máa fi irin sí i. Nọ́ọ̀sì ní kí n má pẹ́ níbẹ̀. Bàbá tín-ín-rín lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé àwọn bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ yẹn ló ń sọ ọ́ dèèyàn ńlá.

"Ìyá Onítíì, ṣé wọ́n kó ọjà mi?"

Mo ní Oníbọ̀sẹ̀ ti ṣa gbogbo èyí tó ṣeé ṣà.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ gíga yẹn. Òun ló gbé mi kúrò lójú ọkọ̀. Ó ń sunkún. Omijé rẹ̀ ń kán sí mi nímú, mi ò sì lè nù ún."

Mo ní òun náà ló lé e débẹ̀.

"Mo mọ̀. Ṣé ojú mi ló fọ́? Mo ní òun ló gbé mi."

Inú bí mi sí bàbá pàápàá. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó fọ́ ìkòkò mọ́ni lọ́wọ́, tó wá ń ṣa àpáàdì, ṣé ọpẹ́ la máa dá lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó ti ń sá fún mi láti Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ilé wa kéré, ìsinmi sì ni òní. Mo bi í níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ta ló fi ẹ̀yìn ilé oògùn han Ọ̀gá Fèrè.

Ọkọ mi ní, "Dá a lóhùn."

"Wọ́n bi wá pé ibo ni ẹ máa ń sá gbà. Àwa tuntun tí a jọ ti ibì kan náà wá pẹ̀lú yín, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà wá síṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń padà dé lọ́wọ́ òfìfo, kó má wá mọ́."

"O wá tà wá."

"Àǹtí mi, mo rò pé ẹrù ni wọ́n kàn máa gbà. Mi ò rò pé bàbá á bọ́ sí títì."

"Ibo lo rò pé ó máa bọ́ sí? Ojú ọ̀run tó ò ń wò yẹn?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé. Orí àga mi ló ń sùn, ọbẹ̀ mi ló ń lá, ọ̀nà àsálà mi ló lọ tà. Ọkọ mi ò sọ pé mo ṣe é jù, kò sì sọ pé mo jàre. Ó kàn káwọ́ lérí. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Agùntáṣọọ́lò kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Ó dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dágbére fún mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

A pé jọ nínú yàrá Oníbọ̀sẹ̀. Kò gbà wá, àwọn kan dúró sórí àtẹ̀gùn, à ń kígbe ọ̀rọ̀ sí wọn. Àwọn kan ní ká gba abẹ́ afárá lọ ká sinmi. Àwọn kan ní ká kó òkúta dání. Mo ní:

"Sísá ló ṣẹ́ bàbá níbàdí. Tí a ò bá sá, ta ni wọ́n máa lé? Mélòó làwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn? Ṣé wọ́n lè gbé ọgọ́ta tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ẹnì kan kígbe látorí àtẹ̀gùn: "Wọ́n máa kó ọjà mi!"

Oníbọ̀sẹ̀ dá a lóhùn: "Kí ni wọ́n ti ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n ń bá ẹ tà á ni?"

A fẹnu kò. Tí fèrè bá dún, kí kálukú jókòó ti ọjà rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí akọni. Nínú mi lọ́hùn-ún, omi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Fèrè dún. A jókòó.

Ọ̀gá Fèrè tún un fọn, bóyá ó rò pé a ò gbọ́ ni. Àwọn èèyàn ń jáde nínú rélùwéè, wọ́n ń bá wa nílẹ̀ lórí omi òjò, wọ́n ń dúró wò. Obìnrin kan tó máa ń ra tíì lọ́wọ́ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní a ò sá mọ́ ni. Ó wo aago, ó ní ọkọ̀ òun ò tíì dé, ó sì fi kóòtù olówó ńlá rẹ̀ jókòó tì mí.

Inú bí Ọ̀gá Fèrè. Ó nàka sí mi, ẹni tó sì mọ̀ pé ó máa dùn mí jù ló rán. Agùntáṣọọ́lò wá dúró lé mi lórí. Bàtà rẹ̀ ni mo ń wò.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mi ò dìde."

"Wọ́n ń wò mí."

"Èmi náà ń wò ẹ́."

Ó gbé kẹ́tù mi. Aṣọ ìnuwọ́ mi ló fi dì í mú kó má baà jó o, bí mo ṣe kọ́ ọ nílé. Ó gbé e lọ sínú ọkọ̀ wọn. Títí ó fi gbé e, mo rò pé kò ní gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A ṣì ń jókòó. Wọ́n ń mú tibí, wọ́n ń mú tọ̀hún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sá, kò sẹ́ni tó ṣubú. Mo ra kẹ́tù míì, owó rẹ̀ ń dùn mí nínú eegun. Ọkùnrin kan fi ìbínú sọ fún Ọ̀gá Fèrè pé kó kúrò lójú òun kí òun ra búrẹ́dì òun. Mo fún ọkùnrin náà ní ẹyin lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Ìyáàfin Ètò fúnra rẹ̀ wá. Òun nìkan ni. Oníbọ̀sẹ̀ dojú àpótí kan délẹ̀ fún un, ó jókòó, ó ra tíì. Ó ní àádọ́ta àyè lòun béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá òun, ogún ni wọ́n fún òun. Ó dà bíi pé kò purọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ lójú.

Lẹ́yìn náà ló pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní èmi tí mo gbọ́ èdè ìlú, tí àwọn èèyàn sì ń gbọ́ tèmi, kí n bá àwọn yan ogún náà. "Tìẹ ti dájú," ló wí.

Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi. Inú mi dùn. Kò pẹ́ lọ títí, ṣùgbọ́n ó dùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni inú wá bí mi sí i, pé ó mọ ibi tó ti máa fọwọ́ kàn mí.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Gbà á."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ṣé àwọn ló ń bá wa san owó ilé ni?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Bó ṣe jẹ́ òótọ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fi ìkòkò gbá sítóòfù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ìtìjú ni lónìí. A tún pé jọ ní yàrá Oníbọ̀sẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí ogún àyè. Ẹnì kan ní kó jẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ẹlòmíì ní àwọn tó lọ́mọ. Òmíràn ní àwọn tó wá láti ibi báyìí ti pọ̀ jù. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti dì mọ́ ara wọn lọ́rùn aṣọ. Mo jókòó, mo ń wò wá. Káńsù ju egungun kan ṣoṣo sáàárín, àwa náà sì ń bu ara wa jẹ bí ajá tí kò ní olówó.

Ẹnì kan wá kọjú sí Oníbọ̀sẹ̀: "Ìwọ pa ẹnu mọ́, kò kúkú kàn ẹ́."

"Bí kò ṣe kàn mí yẹn lojú mi fi là. Ìyá Onítíì, ìgbà wo lo máa ń palẹ̀ mọ́?"

"Ọ̀sán."

"Èmi ńkọ́, ìgbà wo ni mo máa ń dé?"

"Ọ̀sán náà ni. Ta ló ń ra ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀?"

"Tó o bá wá ń lọ sílé, kí lò ń fi àyè rẹ ṣe? Ṣé o máa ń ká a mọ́ abíyá lọ bí ẹní?"

Ẹni tó di ẹlòmíì lọ́rùn mú ṣì dì í mú, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ìdí rẹ̀. Onítíì láàárọ̀, oníbọ̀sẹ̀ lọ́sàn-án, onífìtílà lálẹ́. Àyè kan, ẹni mẹ́ta. Ogún ti di ọgọ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

A gbé e lọ bá Ìyáàfin Ètò. Ó kọ́kọ́ da ìbéèrè bò wá: ta ló máa gbálẹ̀ kí ẹnì kejì tó dé? Tí aláàárọ̀ bá pẹ́ jù níbẹ̀ ńkọ́? Tí ẹnì kan bá tú epo sílẹ̀, ta là ń bá wí? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan nínú ẹ̀ ò tíì wá sí wa lọ́kàn, a jọ jókòó tú wọn ni. Ó ní òun máa jà á níwájú àwọn ọ̀gá òun.

Bí a ṣe ń jáde, mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ pé tèmi nìkan ló dájú, kó má dájú mọ́. Ó wò mí, ó ní òun ti gbọ́. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n gbà! Ẹni mẹ́ta sí àyè kan. Ẹ̀ṣọ́ ò gbọdọ̀ lé èèyàn wọ títì mọ́, wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ dúdú lórí funfun. Wọ́n dá ẹrù wa padà. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ti Baba Oníbẹ́líìtì náà wà níbẹ̀, lọ́sàn-án, ní àyè kan náà pẹ̀lú mi.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì dúró gbọn-in. Oníbọ̀sẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìyáàfin Ètò ní òun jà á, òun ò rí i gbà. Ẹni tó gbẹ́ kànga, òun ni wọ́n ní kó má pọnmi. Àwọn kan ń pariwo ayọ̀, mo ní kí wọ́n gbé ẹnu wọn dákẹ́. Oníbọ̀sẹ̀ ló wá ń bẹ̀ mí. "Fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n yọ̀. Èmi náà yọ̀." Kò yọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Bàbá ti kúrò ní ọsibítù, ó ń fi ọ̀pá rìn nínú yàrá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ fún oṣù mélòó kan. Àyè tí ẹni tó ni ín ò bá lò, káńsù máa gbà á. Àfi tó bá ní ọmọ tó lè bá a tà á.

Bàbá ní, "Ọmọ mi ò sí nílùú yìí." Ó wá wo Oníbọ̀sẹ̀ tó ń bá a nu bẹ́líìtì. "Ìwọ, bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, Bàbá."

"Ó ti jí."

Oníbọ̀sẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá ní kó má fi omi ojú ba awọ bẹ́líìtì òun jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá

Òtútù tó ń géni létí. Ọ̀dà ofeefee ni wọ́n fi kùn ún, àyè mi ò ju ẹní kékeré lọ. Mo ta òwúrọ̀ mi láìwo ẹ̀yìn. Ara mi ò tíì gbà á gbọ́. Tí ilẹ̀kùn kan bá dún, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ sáré.

Lọ́sàn-án, mo ń palẹ̀ mọ́, èèyàn díẹ̀ ṣì tò síwájú mi, Oníbọ̀sẹ̀ dé pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́rùn àti ìbọ̀sẹ̀ lápò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà dé. Ọ̀gá Fèrè ló ṣíwájú, Agùntáṣọọ́lò tẹ̀ lé e. Ó ti rù. Ọ̀gá Fèrè gba ìwé àṣẹ, ó wo ìwé, ó wo Oníbọ̀sẹ̀.

"Ọmọ bàbá yẹn lèyí? Ṣebí obìnrin oníbọ̀sẹ̀ yìí ló sọ fún mi lọ́jọ́sí pé òun ò léèyàn kankan nílùú yìí?" Ó yíjú sí Agùntáṣọọ́lò. "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Ṣé ọmọ rẹ̀ ni?"

Ẹ̀yìn ilé oògùn ni mo ń rò. Mo ní ó parí, ó tún máa tà wá.

"Ọmọ rẹ̀ ni, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo gbé bàbá náà lọ́wọ́, sà. Ojú kan náà ni wọ́n ní."

Bàbá pupa rokoṣo. Oníbọ̀sẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ọ̀gá Fèrè wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pòṣé, ó dá a padà, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Agùntáṣọọ́lò ò tẹ̀ lé e. Ó dúró.

"Àǹtí mi, ẹ kú ọjà. Ṣé tíì ṣì kù?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tò."

Ó lọ sẹ́yìn. Ó ga ju gbogbo wọn lọ, kò síbi tó lè fi ojú pa mọ́ sí. Àwọn tó wà níwájú ń wo yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n fẹ́ yà fún un, ó ní kí wọ́n máa ṣe tiwọn. Nígbà tó kàn án, mo bu tíì fún un, mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní ṣéńjì rẹ̀ pé. Inú ṣì ń bí mi. Ìbàdí bàbá ò ní rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé. Kò sí irọ́ tó dùn tó ìyẹn láti san án.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò sùn dáadáa láti ìgbà tó o ti lọ," ni mo wí.

Ó di ife mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ń sùn," mo ní, mo sì yíjú sí ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀.